Wọ́n ní kí n wá kópa nínú ìwádìí lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé: ṣé kí n lọ?

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ó ti lé ní ọdún kan tí mọ́tò gbá ọ̀kadà tí mo gùn, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ orúnkún. Ojú ọgbẹ́ ti jiná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ yìí ń dùn mí. Ó máa ń ṣe mí bíi pé àwọn ìka rẹ̀ ká pọ̀ tí wọn ò ṣe é nà, àti bíi pé iná ń jó mi lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, pàápàá lóru. Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù tí mo ń lọ sọ fún mi pé àwọn kan fẹ́ ṣe ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n á fi kèké pín wa sọ́nà méjì: àwọn kan á máa lo dígí, àwọn tó kù á máa ṣe eré ìdárayá lásán. Mo máa fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á sì máa fún mi lówó ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní wọ́n kàn fẹ́ fi mí dán nǹkan wò ni. Màmá mi ní ká lọ hú ẹsẹ̀ náà níbi tí wọ́n sin ín sí, ká tún un tẹ́ dáadáa. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mi ò ní fi ìdáhùn mi pamọ́ dé ìsàlẹ̀. Ẹ lọ, bí wọ́n bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè tí mo máa kọ síhìn-ín láìfọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí wọn ò bá lè dáhùn wọn, ẹ máa rọra padà sílé. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ yín ló máa wà lórí ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìrora náà fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni ìrora yìí, orí yín kò sì dàrú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ ọ́n. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 1500 sí 1600 pé àwọn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn ṣì ń ráhùn pé ẹsẹ̀ náà ń dun àwọn. Silas Weir Mitchell, dókítà ní Philadelphia, tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló fún ẹsẹ̀ tàbí apá tí kò sí mọ́ ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí dòní, ìyẹn “phantom limb”, ní 1871. Nínú àwọn tí wọ́n gé apá tàbí ẹsẹ̀ wọn, àwọn tó ń ní irú ìrora bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìka tó ká pọ̀, iná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kó tún wá le sí i lóru: ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, láwọn ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ ibi tí Abẹ́òkúta wà.

Níbo ló ti ń wá? Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ yín, wọ́n gé àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Orí iṣan tí a gé kì í dákẹ́. Ó máa ń gbìyànjú láti tún hù, ó sì lè di kókó kékeré nínú kùkùté, ìyẹn ibi tó ṣẹ́kù lára ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, kí kókó náà máa ránṣẹ́ sókè láìsí ohun tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá ẹ̀yìn tún lè sọ iṣẹ́ kékeré yìí di ńlá. Lẹ́yìn náà ló kan ọpọlọ, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ṣì ní àyè tirẹ̀. Ní 1995, Herta Flor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì rí i pé lára àwọn tí wọ́n gé apá wọn, bí àwọn ẹ̀yà ara mìíràn bá ṣe yabo àyè apá náà nínú ọpọlọ tó ni ìrora ṣe máa ń pọ̀ tó. Ní 2013, Tamar Makin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì: àwọn tí ìrora wọn le jù ni àyè ọwọ́ tó ti lọ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù nínú ọpọlọ wọn. Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ yìí ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, ìyẹn ló sì fà á tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì lè gbé oògùn kan kalẹ̀ kó ní òun ló ń wò ó sàn fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ má bá màmá jà. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, wọn ò sì nìkan gbà á gbọ́. Àwọn ènìyàn ti rò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí iṣan kankan tó tún so ẹsẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ mọ́ yín. Ohun tí èèrà bá ṣe sí i kò lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn tí ilé ìwòsàn dáná sun ẹsẹ̀ tiwọn, tí kò sí ohun tó ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni lè tẹ́ dáadáa tàbí tẹ́ láìdáa, àwọn náà ń ní ìrora yìí. Híhú ilẹ̀ máa ná yín lówó, ó tún máa ṣí ọgbẹ́ ọkàn gbogbo ilé.

Kí ẹ tó ronú kan ìwádìí rárá, ẹ fọwọ́ tẹ kùkùté yín jẹ́jẹ́ níbi gbogbo. Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń kó pọ̀. Ẹnìkan lè mọ ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ lára láìsí pé ó ń dùn ún. Ẹsẹ̀ náà lè máa dùn ún, bí tiyín. Ó sì lè jẹ́ kùkùté gan-an ló ń dùn ún: ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí kò bá a mu, egungun tó yọrí jáde, kókó iṣan, tàbí kòkòrò tó ti wọ inú ẹran. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó wú, tó gbóná, tó pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, dókítà ni kí ẹ rí lọ́jọ́ náà. Ìwádìí lè dúró, ìyẹn kò lè dúró. Olùwádìí tó mọṣẹ́ máa yẹ kùkùté yín wò kó tó gbà yín wọlé, ó sì máa ya ìrora kùkùté sọ́tọ̀ kúrò lára ìrora ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́. Bí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò rárá, ó máa kọ mí lóminú.

Ọ̀rọ̀ dígí wá kàn. V. S. Ramachandran, ní yunifásítì kan ní San Diego ní Kalifọ́níà, ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1990. Wọ́n á gbé dígí sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ojú rẹ̀ kọ sí ẹsẹ̀ tó wà, kí ìyókù ẹsẹ̀ kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá wo inú dígí, ẹ máa rí ẹsẹ̀ méjì. Tí ẹ bá na ìka ẹsẹ̀ òsì, ojú yín máa sọ fún ọpọlọ pé ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti nà. Fún àwọn kan, ìka tó ti ká pọ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn máa ń tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí lórí ẹsẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Walter Reed, ní Washington, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Ènìyàn 22 ló wọ inú rẹ̀, 18 ló parí rẹ̀. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn àkọ́kọ́ ń wo inú dígí. Àwọn kejì ń ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n aṣọ bo dígí tiwọn. Àwọn kẹta ń di ojú, wọ́n ń fi ọkàn yàwòrán ẹsẹ̀ tó ń mira. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo àwọn mẹ́fà tó wo dígí ló sọ pé ìrora dín kù. Nínú àwọn tí aṣọ bo dígí wọn, ẹnìkan péré ló dín kù fún, ó sì le sí i fún àwọn mẹ́ta. Nínú àwọn tó ń fi ọkàn yàwòrán, ó dín kù fún àwọn méjì, ó le sí i fún àwọn mẹ́rin. Nígbà tó yá, mẹ́sàn-án nínú àwọn tó kù náà lo dígí, mẹ́jọ nínú wọn sì rí ìtura.

Ẹ kíyè sí ohun méjì níbẹ̀. Èkínní, méjì nínú àwọn tó wo dígí ni ìbànújẹ́ gbá mú fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ wọn lódindi. Ó lè ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Bí omijé bá dé, kò túmọ̀ sí pé dígí náà ń pa yín lára, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún wọn, ẹ sì má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ènìyàn 18 kéré. Àwọn ìwádìí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ìtura tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Èmi gbà pé dígí ń ran àwọn kan lọ́wọ́, mo sì gbà pé a ò tíì mọ ẹni tó máa ràn lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí tí wọ́n pè yín sí ti wúlò.

Mo mọ̀ pé kèké yẹn ló ń dùn yín jù. Ta ló fẹ́ kí ìrora òun dúró lórí ìbò? Ṣùgbọ́n aránṣọ ni yín, ọ̀rọ̀ mi máa yé yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwú tuntun kan lágbára ju èyí tí ẹ ti ń lò, ẹ ò ní fi tuntun rán aṣọ sẹ́dà, kí ẹ wá fi ti tẹ́lẹ̀ rán aṣọ òkè. Aṣọ kan náà lẹ máa fi wọ́n rán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ̀ bóyá òwú ló já ni àbí aṣọ ló nípọn jù. Ohun tí kèké ń ṣe nìyẹn. Bí dókítà bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àwọn tó máa lo dígí, ó lè máa mú àwọn tí ara wọn ti ń le bọ̀ láìmọ̀, kí dígí wá gba ìyìn tí kò tọ́ sí i.

Ìdí mìíràn tún wà. Ìrora yìí máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Bí ènìyàn bá sì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe nǹkan tuntun fún òun, ìrètí nìkan lè mú kí ara fúyẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Brian Ilfeld àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ènìyàn 144 sínú ìwádìí kan tí wọ́n ti fi òtútù líle mú kí àwọn iṣan tó wà lápá ibi tí wọ́n gé dì, kí iṣan má baà lè gbé ìrora. Kèké pín wọn: wọ́n ṣe é ní ti gidi fún àwọn kan, wọ́n sì ṣe bí ẹni ń ṣe é fún àwọn tó kù. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2023, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ká ní kò sí kèké, àwọn tí ara fúyẹ́ nínú wọn ì bá máa jẹ́rìí kiri, àwọn ilé ìwòsàn ì bá sì máa gba owó rẹpẹtẹ lórí ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ti kọ́kọ́ dán ọ̀nà mìíràn wò: wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé oògùn tó ń mú ara kú sẹ́bàá iṣan fún ọjọ́ mẹ́fà. Ènìyàn 144 náà ló kópa, omi iyọ̀ lásán ni wọ́n fún ìdajì wọn, àwọn tó gba oògùn sì rí ìtura jù wọ́n lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àbájáde yẹn jáde ní 2021. Ọwọ́ kan náà ló ṣe ìwádìí méjèèjì, kèké ló sì jẹ́ ká mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Nítorí náà, bí kèké bá gbé yín sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá, ẹ má sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ní Sweden, Max Ortiz-Catalan fi kọ̀ǹpútà tó ń mú agbára iná kékeré tó ń ti inú ẹran kùkùté jáde, tó sì ń fi apá hàn lójú ẹ̀rọ, tọ́jú ènìyàn 14 tí ìrora wọn ti kọ gbogbo oògùn. Ìrora wọn dín kù sí nǹkan bí ìdajì, wọ́n gbé e jáde ní 2016, gbogbo ayé sì yọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi ìwádìí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wé e pẹ̀lú àwọn tó kàn ń fi ọkàn yàwòrán bí apá tàbí ẹsẹ̀ tó ti lọ ṣe ń mira, ara àwọn méjèèjì fúyẹ́ gan-an, ẹ̀rọ tuntun náà kò sì borí. Ẹni tó wà nínú ìpín kejì kò pàdánù nǹkankan. Àwọn olùwádìí tó pè yín kò mọ ìpín tó dára jù. Bí wọ́n bá ti mọ̀, kò tọ́ kí wọ́n ṣẹ́ kèké rárá.

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa fún àwọn tí kò lo dígí ní dígí nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, bí wọ́n ti ṣe ní Walter Reed. Tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ilẹ̀ Nàìjíríà ní ohun tó fi ń bẹ̀rù. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer lọ síbẹ̀, wọ́n sì dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Ọmọ 200 ló wà nínú rẹ̀, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, 11 nínú wọn sì kú. Àwọn òbí sọ pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn pé ìwádìí ni. Pfizer sọ pé àwọn kò jẹ̀bi, pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà. Wọ́n ṣe ẹjọ́ náà títí di 2009, kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano tó fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá rántí èyí, tó sì ní kí ẹ ṣọ́ra, fẹ́ràn yín ni.

Láti ìgbà náà, ìlànà ti le sí i. Nàìjíríà gbé ìwé ìlànà jáde fún ìwádìí ìlera ní 2007, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sì sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìwádìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun rere tàbí búburú tó lè ti ibẹ̀ wá. Ìgbìmọ̀ kan wà lókè fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní NHREC, àwọn ilé ìwòsàn ńlá sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó gbọ́dọ̀ ka ìwádìí náà kí wọ́n tó gbà á láàyè. Òfin kò lè dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́, nítorí náà ẹ ti ẹnu ara yín béèrè.

Ẹ béèrè ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, àti nọ́mbà tí wọ́n fún un. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, pẹ̀lú nọ́mbà fóònù ìgbìmọ̀ náà, nítorí bí olùwádìí bá ṣe ohun tí kò tọ́, ẹ ò ní lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ún fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní Yorùbá títí dé òpin, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ gbé e lọ sílé kẹ́ ẹ fi sùn. Ẹni tó bá ní àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ bi wọ́n pé bí mo bá sọ pé mi ò ṣe mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: ẹ lè kúrò nígbàkigbà láìsọ ìdí, nọ́ọ̀sì àti dókítà yín á sì máa tọ́jú yín bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ bi wọ́n ta ni yóò tọ́jú yín, tí yóò sì sanwó rẹ̀, bí ẹ bá ṣubú tàbí tí ìrora bá le sí i nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ya fọ́tò tàbí fídíò, àti ẹni tó máa rí i. Ó yẹ kí nọ́mbà rọ́pò orúkọ yín nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Owó ọkọ̀ dára, ẹ gbà á, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí owó tí wọ́n ń fún yín bá sì pọ̀ débi pé owó náà ló ń fà yín, tí kì í ṣe ìwádìí, ẹ tún inú rò.

Oògùn tí dókítà ti kọ fún yín ńkọ́? Àwọn bíi gabapentin tàbí amitriptyline ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ má dá wọn dúró lójijì nítorí ẹ fẹ́ wọ inú ìwádìí. Ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, kí wọ́n sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò tán tí wọ́n ní ẹ ò bá a mu, ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ nítorí oògùn kan, tàbí nítorí ìrora yín kò tó iye tí wọ́n ń wá. Wọn ò dá yín lẹ́jọ́.

Wàyí o, bí ẹ bá wọlé, ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín gidigidi. Wọ́n á máa bi yín lójoojúmọ́ pé láti òdo sí mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Òdo ni àìsí ìrora, mẹ́wàá ni èyí tó le jù tí ẹ lè ronú kàn. Wọ́n tọ́ àwa lọ́nà pé bí àgbà bá bi wá pé ara ńkọ́, ká ní a dúpẹ́. Ìwà ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí, “a dúpẹ́” máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti rí aláìsàn tí kò sùn mọ́jú, tí nọ́ọ̀sì wá bi í, tó ní “ó ti ń dára, a dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́,” nítorí pé nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ènìyàn dáadáa, tí kò sì fẹ́ kó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ já sásán. Bí gbogbo yín bá fi nọ́mbà bẹ̀bẹ̀ fún dígí, dígí máa dà bí ohun tó ń wo ìrora sàn fún gbogbo ènìyàn, wọ́n á sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tó jẹ́ pé oògùn ló nílò. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ ní mẹ́jọ. Bí ó bá le sí i, ẹ sọ pé ó le sí i. Ẹ ò ní bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ ọ́ lóru, nígbà tó ń dùn yín gan-an, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ìrora àná máa ń dínkù nínú ìrántí, tàbí kó pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Bí ó bá ṣòro láti kọ, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ sọ irú ìrora tó jẹ́ pẹ̀lú, bóyá ó ń jó, ó ń gún, ó ń ta bí iná mànàmáná, àbí ó ń fún pọ̀. Ẹ tún sọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ fẹ́ tẹ pẹ́dà. Ẹ má sọ pé kò ṣe pàtàkì. Ó lè jẹ́ pé kò sí ọmọ ogun kan ní Washington tó sọ ọ́ fún wọn.

Nǹkan kan tún wà tó ṣòro. Dígí wà nílé gbogbo wa. Bí kèké bá gbé yín síbi eré ìdárayá, ọkàn yín lè sọ pé kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè dúró, ó sàn kí ẹ má wọlé. Ẹ lè lo dígí láìsí ìwádìí kankan: ẹ jẹ́ kí físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ jókòó síbi tí kò ní jẹ́ kí ẹ ṣubú, ẹ mú ẹsẹ̀ òsì mira jẹ́jẹ́ nínú dígí fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dúró bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí bí ìrora bá ń le sí i. Ìtọ́jú ni ìyẹn. Ìwádìí yàtọ̀ sí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì máa jẹ èrè rẹ̀ jù.

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí ẹ lọ. Àwọn tí a fi ń sọ pé dígí dára tàbí kò dára, ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dọ̀ wa, ìjàm̀bá ọkọ̀ ló ń gé ẹsẹ̀, àtọ̀gbẹ ló ń gé e, ìdè teguntegun tó le jù tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ráyè kọjá ló ń gé e. Ọ̀pọ̀ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rówó ra ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ọ̀pọ̀ kò sì sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ tó ti lọ ń dun àwọn, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n ní wèrè. Aránṣọ tó sọ ọ́ síta bí ẹ ti ṣe yìí ṣọ̀wọ́n, inú mi sì dùn pé ẹ kọ̀wé. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ sọ pé rárá, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ láìṣàlàyé.

Ẹ gbé ìwé náà wá sílé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kà á, kó sì tẹ̀ lé yín lọ bí wọ́n bá máa ṣàlàyé rẹ̀. Ìbéèrè tó ní lọ́kàn wúlò jù níwájú àwọn olùwádìí ju nínú pálọ̀ lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ pe nọ́mbà ìgbìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀, ẹ ka nọ́mbà ìwádìí náà fún ẹni tó bá gbé e, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i.